Owó Kòkó àti Ìwé Ọmọ Ẹlòmíràn

Ìdógùn, ní ẹkùn Ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ìlú tí àwọn òpìtàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹni tí ó bá kúrò ní Ọ̀wọ̀ tí ó kọrí sí ìhà ìlà-oòrùn ni yóò dé ibẹ̀. Iṣẹ́ oko ni iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí ènìyàn bá bi àgbàlagbà kan tí ó mọ ìwé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ léèrè pé, Ta ni ó rán yín ní ilé ẹ̀kọ́? oríṣìíríṣìí ni ìdáhùn tí yóò gbọ́. Òmíràn yóò ní baba òun ni, òmíràn yóò ní ẹ̀gbọ́n tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ni, òmíràn yóò dárúkọ ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ìlú, òmíràn yóò sì ní ìjọba ni. Agbára káká ni a ó fi rí ẹni tí yóò dárúkọ àgbẹ̀ kan ní ìlú tí òun kò dé rí, àgbẹ̀ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, tí ó gba owó tí ó kéré lórí kòkó rẹ̀, tí a sì fi èyí tí ó ṣẹ́kù ra ìwé fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àgbẹ̀ yìí wà nítòótọ́, kì í sì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ náà jìnnà kí ó tó dé ẹkùn Ọ̀wọ̀, etí òkun ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1828 ni a bí James Pinson Labulo Davies ní Sàró. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. ni ó gbà á tọ́. Owó tí wọ́n fi ń bọ́ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì ti ọwọ́ ọba wá: àwọn ọmọ ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń dá a jọ, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìránṣẹ́ ilé, tí wọ́n ń mú kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan wá ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí kò mọ Davies, kò sì sí ẹni tí ó mú orúkọ rẹ̀ dé etí wọn. Ó kọ́ bí a ti í tukọ̀ lójú òkun, ó di ọ̀gá ọkọ̀, ó sì di oníṣòwò ńlá ní Èkó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1859, nígbà tí Thomas Babington Macaulay ń wá ọ̀nà láti dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ní Èkó, Davies yìí ni ó fi 50 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún un, láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ni wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà, èyí tí a ń pè ní C.M.S. Grammar School títí di òní. Ọmọ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ọmọ mẹ́fà nínú ilé kékeré kan tí ó sì gbọ́ pé 50 pọ́n-ùn ni a ná lé wọn lórí, kì bá má bá olówó náà wí pé ó fi owó ṣòfò. Macaulay fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ náà títí di 1878, nígbà tí àìsàn ṣọ̀pọ̀ná mú un lọ. (Àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò mọ àìsàn náà mọ́, nítorí pé ní 1980 ni àjọ ìlera gbogbo àgbáyé kéde pé ó ti tán ní ayé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó lé e lọ, abẹ́rẹ́ tí ó jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ta ilẹ̀ Áfíríkà lọ́rẹ.)

Òwò Davies padà bàjẹ́, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò jókòó kí ó máa sunkún, oko ni ó yí sí. Ní nǹkan bí 1880, ó rí irúgbìn kòkó, ó sì gbìn ín sí Ìjọn lẹ́yìn Èkó. Òun ni a kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó dá oko kòkó ńlá ní apá ibẹ̀. Láti ìhà Ìjọn àti Agége ni kòkó ti tàn lọ sí òkè. Àwọn ará oko tí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ àgbàṣe níbẹ̀ kò gba owó nìkan lọ sí ilé. Wọ́n rí bí a ti í gbin kòkó, wọ́n sì mú èso rẹ̀ dání. Ẹni tí ó bá mọ kòkó mọ̀ pé èyí kò rọrùn, nítorí pé hóró kòkó kì í fara da gbígbẹ. Bí ó bá gbẹ ó ti kú nìyẹn, àfi kí a mú un lọ nínú pódi rẹ̀ kí a sì tètè gbìn ín sí ibòji. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ẹni tí ó gbìn ín yóò fi máa ro oko kí ó tó rí ohun tà. Síbẹ̀ kí ó tó pẹ́, kòkó ti dé Ìbàdàn, ó dé Iléṣà, ó dé Oǹdó, ó sì dé ilẹ̀ Ọ̀wọ̀. Ọwọ́ kan náà tí ó fi 50 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ni ó gbin igi tí yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ fún gbogbo ilẹ̀ náà ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin lẹ́yìn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò lè mọ̀. Ní 1906 ni ó kú.

Ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀, ọdún 1908 ni a bí Michael Adékúnlé Ajáṣin. Nígbà tí ó wà ní kékeré kò sí ilé ẹ̀kọ́ girama kankan ní Ọ̀wọ̀. Ti Oǹdó, èyí tí ìjọ àti ará ìlú dá sílẹ̀, 1919 ni ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tí kò ní baba olówó ni ọ̀nà iṣẹ́ olùkọ́, ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, tí C.M.S. dá sílẹ̀ ní 1896, sì ni ibi tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti katikísì. Ibẹ̀ ni Ajáṣin lọ, ó jáde ní 1927, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé. Ní 1943, nígbà tí ó ti ń súnmọ́ ẹni ọdún 35, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọkàn balẹ̀ sí ipò wọn, ó di ẹrù rẹ̀ lọ sí Fourah Bay ní Sàró láti di akẹ́kọ̀ọ́ padà. Ó gba oyè B.A. ní 1946, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún kan, ó sì padà wá ní 1947 láti di olórí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmádè ní Ọ̀wọ̀.

Ó yẹ kí a sọ níhìn-ín pé Ọ̀wọ̀ nìkan kọ́ ni irú ìtara yìí ń ṣe ní ìgbà náà. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ti dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934; àwọn ọmọ Ọ̀fà nínú ẹgbẹ́ ìlú wọn sì dá tiwọn sílẹ̀ ní 1943. Ẹni tí ń ta aṣọ lẹ́yìn odi àti ẹni tí ń gbin iṣu ní ilé jọ ń dá owó sí àpò kan náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, bí ìjọba kò bá ṣe é, tí ìjọ kò sì ní owó tó, a ó fi ọwọ́ ara wa ṣe é.

Iṣẹ́ tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ Ajáṣin ní Ìmádè kì í ṣe kíkọ́ ilé. Ó yan olùkọ́ mẹ́wàá nínú àwọn tí ó ní, ó sì rọ̀ wọ́n, ó tì wọ́n lẹ́yìn láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn tí wọ́n bá ti ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ rí ni yóò mọ ohun tí èyí jẹ́. Olùkọ́ tí ó dára ni ènìyàn máa ń dì mú ṣinṣin, kì í ṣe èyí tí a ń rán jáde. Bí ó bá sì lọ, ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ọjọ́ Ajé? Síbẹ̀ ó rán wọn. Irú ọrẹ yìí kì í hàn nínú ìwé ìṣirò owó ìjọ kankan.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1951, ní ìlú Ọ̀wọ̀ kan náà, ni a ṣí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Action Group, ní gbangba. Ajáṣin ni ó kọ ìwé tí ó di ìlànà ẹgbẹ́ náà lórí ẹ̀kọ́: pé kí gbogbo ọmọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di olórí rẹ̀, Stephen Awókọ̀yà sì di mínísítà ẹ̀kọ́, ẹni tí òun náà jẹ́ olùkọ́ tí ó ti ṣe olórí Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní 1952 ni Awókọ̀yà gbé ètò náà wá sí iwájú ìgbìmọ̀.

Ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e ni èyí tí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akápò ìjọ rí mọ̀ dáadáa. Ta ni yóò san án? Ìjọba ní kí olúkúlùkù àgbà tí ń san owó orí mú ṣílè 10 àti kọ́bọ̀ 6 wá fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo ta. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ bèèrè pé, Kí ni ó kàn mí nínú ọmọ ẹlòmíràn? Àwọn tí kò bímọ bínú, àwọn tí ọmọ wọn ti dàgbà bínú, àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn máa bá wọn ro oko sì bínú jù gbogbo wọn lọ. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ aláìmòye. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ń lé ẹyẹ, tí ń kó kòkó jọ, tí ń ru omi, òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mú ọwọ́ kan kúrò lóko, ó sì tún ń bèèrè owó lé e. Nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, ẹgbẹ́ alátakò ni ó gba àga tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba gba ìyà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá ètò náà dúró. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ní 1954 àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní gbogbo ẹkùn náà kò pé 460,000. Ní 1955 wọ́n lé ní 811,000. Àwọn tí ó sọ pé àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ ìwé rí ìdáhùn wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ṣílè 10 àti kọ́bọ̀ 6 kọ́ ni ó gbé ètò náà ró jù lọ. Kòkó ni. Láti 1947 ni ìgbìmọ̀ ọjà kòkó ti wà, òun ni ó sì ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Nígbà tí ọjà ayé bá ga, ìgbìmọ̀ náà kì í san gbogbo rẹ̀ fún àgbẹ̀. A ń tọ́jú èyí tí ó kù, wọ́n ní nítorí ọjọ́ tí ọjà yóò wálẹ̀. Kòkó wọ́n púpọ̀ ní ayé ní 1954, owó tí a tọ́jú sì pọ̀. Nínú owó bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti mú owó fún ọ̀nà, fún ilé ìwòsàn àti fún ilé ẹ̀kọ́. Báyìí ni baba arúgbó kan nínú oko kòkó ṣe di ẹni tí ń rán ọmọ ní ìwé ní ìlú tí kò mọ̀, láìjẹ́ pé ó fi ọwọ́ sí ìwé kankan.

Ṣé ọrẹ àánú ni èyí? Kò tọ́ kí a pè é bẹ́ẹ̀ láìronú. Ẹni tí kò mọ iye tí a mú nínú owó rẹ̀ kò ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. A kàn mú un ni. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí owó orí wúwo, tí kòkó kò sì mú owó wálé mọ́, àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ìjà tí a ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà. Ẹ̀mí ṣòfò, títí ìjọba fi dín owó orí kù. Nínú àwọn tí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì ní ìgbà náà tí wọ́n ń pe àwọn àgbẹ̀ ní aláìmọ̀kan, ó dájú pé ọ̀pọ̀ ni owó kòkó ti rán ní ìwé. Àbùkù ńlá ni èyí jẹ́, ó sì yẹ kí ó máa dun àwọn ọ̀mọ̀wé títí di òní. Gbèsè tí ọmọ ìwé jẹ àgbẹ̀ kì í ṣe àkàwé lásán. Owó gidi ni.

Ètò náà ní àléébù tirẹ̀ pẹ̀lú. Olùkọ́ kò tó, a sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ síwájú àwọn ọmọ. Àwọn tí ó parí ìwé mẹ́fà fẹ́ iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ akọ̀wé kò sì tó wọn, wọ́n bá ń rọ́ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, oko sì ṣófo. Ẹ̀rù tí ó ba àwọn baba ní 1953 kì í ṣe ẹ̀rù asán.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìwé mẹ́fà lásán ṣe nínú ilé àgbẹ̀. Ibi òṣùwọ̀n ni ó ti kọ́kọ́ hàn. Ẹni tí ń ra kòkó ní òṣùwọ̀n, ó ní ìwé, ó ní gègé. Àgbẹ̀ ní kòkó nìkan. Bí òṣùwọ̀n bá purọ́, tàbí bí a bá ka gbèsè èsí lẹ́ẹ̀mejì, kí ni yóò fi mọ̀? Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin ọdún méjìlá bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ̀, tí ó ń wo ọ̀pá òṣùwọ̀n, tí ó sì ń fi ẹfun kọ ìwọ̀n àpò kọ̀ọ̀kan sí ara ògiri, alágbàtà a máa fara balẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá a jà, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní olè. Ọmọ ń kọ nǹkan sára ògiri ni. Ọmọ kan náà ni ó ń ka ara ìgò oògùn ní alẹ́, tí yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé ṣíbí kékeré ni a kọ síbẹ̀ kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀, àti pé oògùn kòkòrò tí a ń fín sí kòkó kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìkòkò omi. Òun ni ó ń kọ lẹ́tà fún odindi agbo ilé. Ilé tí ó ní ọmọ bẹ́ẹ̀ kan, àwọn aládùúgbò mẹ́ta a máa jẹ nínú rẹ̀.

Ti ọmọbìnrin yìí ṣe pàtàkì. Nígbà tí a ń san owó, tí owó kò sì tó, ọmọkùnrin ni a máa ń mú. Nígbà tí owó kúrò níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ baba kò rí àwáwí mọ́.

Ìpele kejì ni ó wá ku ọmọ àwọn ìlú kéékèèké. Ẹni tí ó bá parí ìwé mẹ́fà ní ẹkùn Ọ̀sẹ̀ ní àtijọ́ ní láti wá ẹni tí yóò gbà á sílé ní ìlú ńlá, kí ó máa sìn ín kí ó sì máa kàwé. Ajáṣin fi Ìmádè sílẹ̀ ní òpin 1962, ó sì dá Owo High School sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1963, ó ń ṣe olórí rẹ̀ títí di 1975. Ní 1979 ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì mú owó ilé ẹ̀kọ́ girama kúrò. A ṣí ilé ẹ̀kọ́ sí ìlú kéékèèké àti ìletò, níbi tí àwọn ará ìlú ti fi ọwọ́ ara wọn wá ilẹ̀, tí wọ́n ru yanrìn, tí wọ́n sì gé igi òrùlé. Ìjọba rẹ̀ kan náà ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ Poly ti Ọ̀wọ̀ sílẹ̀ ní 1979 àti yunifásítì kan ní Adó-Èkìtì ní 1982. Ní 1997 ni ó kú. Yunifásítì tí ó wà ní Àkùngbá ni ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ní ayé ìsinsìnyí, òfin 2004 sọ pé ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n aṣọ, bàtà, owó ìdánwò àti owó ọkọ̀ kò sí nínú òfin náà, àwọn wọ̀nyí ni ó sì ń dá ọmọ padà sóko. Nítorí náà ọrẹ kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun ń rán owó wá sílé, àwọn ìjọ sì ń ya apá kan sọ́tọ̀ nínú ìkórè. Ohun tí ó máa ń ba irú owó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni ariwo. A pe ẹnì kan jáde, ó ṣe ìlérí ńlá, a pàtẹ́wọ́, owó náà kò sì wọlé. Tàbí a mú àwọn ọmọ tálákà dúró ní iwájú ìjọ kí gbogbo ènìyàn rí ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́, ọmọ náà a sì gbé ìtìjú rẹ̀ lọ sí kíláàsì. Ó sàn púpọ̀ kí akápò san owó náà ní tààrà fún ilé ẹ̀kọ́, kí ó gba ìwé ẹ̀rí, kí ó sì ka iye owó fún ìpàdé láìdárúkọ ọmọ. Bí ọmọ tí òbí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìjọ bá wà lára wọn, kí a má ṣe bèèrè. Davies kò bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà.

Àkókò tí a ń san owó náà ṣe kókó ju iye rẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Oṣù kẹsàn-án ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n kòkó tí ó pọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n dáadáa títí di oṣù kẹwàá, ó sì ń lọ títí di oṣù kìíní. Àárín àlàfo yìí ni àgbẹ̀ máa ń lọ yá owó lọ́wọ́ ẹni tí yóò ra kòkó rẹ̀, tí yóò sì fi èso tí ó ṣì wà lórí igi dúró ní iye tí kò dára. Ẹgbẹ́ ìlú tí ó bá ń pín owó ní ìkórè tàbí ní Kérésìmesì ti pẹ́ jù, gbèsè náà ti wà lọ́rùn. Kí wọ́n mú un wá sí ìparí oṣù kẹjọ. Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ lè mú nínú kòkó kékeré tí a ń ká láàrin oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àpò kan, kí ó tà á, kí ó sì fi owó rẹ̀ sí ọwọ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pẹ̀lú orúkọ ọmọ náà lórí rẹ̀, kí òjò tó dá, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ fún òkú tàbí fún ìgbéyàwó.